Bíbélì nìkan, àbí Bíbélì pẹ̀lú àṣà ìjọ?

Ìbéèrè yìí kì í tán lẹ́nu àwa Kristẹni: èwo ló ní àṣẹ lórí ìgbàgbọ́ wa?

Ẹni tó di Bíbélì nìkan mú ní òṣùwọ̀n tí ẹnikẹ́ni lè ṣí wò. Orí rẹ̀ ni Martin Luther, àlùfáà tó bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe ìjọ ní Jámánì, dúró sí nílùú Worms lọ́dún 1521. Àwọn ará Bèríà pàápàá ń yẹ Ìwé Mímọ́ wò lójoojúmọ́ láti mọ̀ bóyá òótọ́ ni Pọ́ọ̀lù ń sọ (Ìṣe 17:11). Mo fẹ́ràn ìyẹn gidigidi. Ewu ibẹ̀ ni pé ẹni méjì a ka ẹsẹ kan náà, kálukú a sì gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ.

Kátólíìkì àti Ọ́tódọ́ọ̀sì fi àṣà àwọn àpọ́sítélì kún un, ìyẹn ẹ̀kọ́ tí àwọn àpọ́sítélì fi lé ìjọ lọ́wọ́, wọ́n ń tọ́ka sí 2 Tẹsalóníkà 2:15. Àní, ọdún 367 ni Athanasius, bíṣọ́ọ̀bù kan ní Íjíbítì, to ìwé 27 Májẹ̀mú Tuntun sínú lẹ́tà kan. Ìjọ ti wà tipẹ́ ṣáájú lẹ́tà yẹn. Ṣùgbọ́n bí àṣà bá ṣìnà, kí la ó fi tún un ṣe?

Bí olùkọ́ kan bá ń fi àṣẹ ara rẹ̀ ni yín lára, ẹ ṣí Bíbélì fúnra yín. Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ tó ta kókó bíi Mẹ́talọ́kan, ẹ gbọ́ tẹnu àwọn àgbà ìjọ ìgbàanì kí ẹ tó dá ìtumọ̀ ṣe.