Kẹ̀kẹ́ méjì lẹ́yìn mọ́tò: àgbéyẹ̀wò ọ̀nà VTT ní ìgbèríko Faransé

Mo fún un ní ìràwọ̀ 4 nínú 5. Ìràwọ̀ kan tó ṣẹ́kù, ebi ló gbà á lọ́wọ́ mi, ẹ óò sì gbọ́ bó ṣe jẹ́.

VTT ni àwọn ará Faransé ń pe kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ń gun òkè àti ọ̀nà igbó, èyí tí táyà rẹ̀ sanra tó sì ní eyín. Ọ̀nà tí wọ́n sàmì sí fún irú kẹ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀ káàkiri abúlé wọn ni mò ń ṣe àgbéyẹ̀wò rẹ̀. Kent ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni mò ń gbé. Ní ọ̀sẹ̀ kejì oṣù Kẹsàn-án, èmi àti àbúrò mi ọkùnrin so kẹ̀kẹ́ méjì mọ́ ẹ̀yìn mọ́tò, a wa mọ́tò wọ inú ọkọ̀ ojú irin tó ń gba abẹ́ òkun kọjá ní Folkestone, ìṣẹ́jú 35 la sì fi dé Calais. Láti ibẹ̀ a gba A26 títí dé Troyes. Ọ̀nà náà dán bí awo, ṣùgbọ́n tóògéètì rẹ̀ kì í ṣeré rárá.

Ibùdó mẹ́rin ni mo yàn fún ọjọ́ mẹ́sàn-án: Morvan, Auvergne, Aubrac àti Mont Lozère. Mi ò ṣàdédé mú wọn. Gbogbo wọn ló wà lójú GTMC, ọ̀nà kẹ̀kẹ́ gígùn tó bẹ̀rẹ̀ ní Avallon tó sì lọ parí sí Cap d'Agde létí òkun Mediterranean. Ó lé ní 1,300 kìlómítà. Àwa ò gùn ún tán o, ta ló fẹ́ kú? Mọ́tò la fi ń ti ibùdó kan bọ́ sí èkejì, tí a bá dé ibẹ̀ tán, a ó wá gbé kẹ̀kẹ́ sọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ yìn wọ́n. Tí ẹ bá dé abúlé tó wà nínú ètò yìí, ẹ wo ibi tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì tàbí níwájú ọ́fíìsì olórí ìlú. Pátákó ńlá kan á wà níbẹ̀ tí wọ́n ya gbogbo ọ̀nà àyíká náà sí, pẹ̀lú nọ́ńbà, gígùn àti àwọ̀. Ti àwọ̀ ewé, ọmọdé lè gùn ún. Búlúù ò le. Pupa gba agbára. Dúdú jẹ́ ti àwọn tí egungun wọn ò jọ wọ́n lójú. Nínú igbó, àmì onígun mẹ́ta kan pẹ̀lú òbìrí méjì ni ẹ óò máa rí lára igi àti òpó. Ibi tí ṣóńṣó onígun mẹ́ta náà bá kọjú sí ni kí ẹ gbà. A ò san kọ́bọ̀ fún un, ẹnikẹ́ni ò sì bi wá pé ta ló rán wa. Ẹ̀ẹ̀mejì péré la ṣìnà, ti ẹ̀ẹ̀kejì sì jẹ́ nítorí pé a ń jiyàn lórí Arsenal.

Ọ̀rọ̀ ebi wá délẹ̀. Ní ọjọ́ kejì ní Morvan, mo mú ọ̀nà pupa kan tó jẹ́ kìlómítà 31. Mo ní, kìlómítà méjìlá ní wákàtí kan, wákàtí méjì ààbọ̀ a ti parí. Aago mẹ́wàá la gbéra. Gbòǹgbò igi kún ilẹ̀, òjò àná sì ti sọ ọ̀nà di ẹrẹ̀. Níbi tí ọ̀nà bá ti gòkè, a ń ti kẹ̀kẹ́ ni. Aago méjì kọjá ogún ìṣẹ́jú la tó wọ abúlé. Obìnrin tó ni ilé oúnjẹ ń nu tábìlì. Ó mi orí, ó ní ó ti tán. Ní ìgbèríko wọn, láti aago méjìlá sí aago méjì ni wọ́n ń fún èèyàn lóúnjẹ ọ̀sán. Tó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀, ìwọ àti orí ẹ. A sáré lọ sí ilé búrẹ́dì, ó ti tì, nítorí ọjọ́ Ajé ni, ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í ṣí lọ́jọ́ Ajé. Kúlíkúlí tí àbúrò mi rà ní Peckham la jẹ lórí àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì, tí a fi omi ẹ̀rọ lé e. "Ẹ kú ètò, Ẹ̀gbọ́n," ló wí. Mi ò fèsì.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo tẹ́ máàpù IGN (iléeṣẹ́ ìjọba tó ń ya máàpù ilẹ̀ Faransé) sílẹ̀, èyí tí sẹ̀ǹtímítà kan lórí rẹ̀ jẹ́ 250 mítà lórí ilẹ̀, mo wá rí àṣìṣe mi. Gígùn ni mo wò, mi ò wo gíga. Kìlómítà 31 ọjọ́ yẹn gòkè tó 900 mítà tí a bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀. Fún irú wa tí kì í ṣe eléré ìdárayá, kìlómítà mẹ́jọ ní wákàtí kan ló dára jù láti fi ṣírò. Láti ìgbà náà, mo yí ètò náà padà látòkè délẹ̀. Ilé oúnjẹ ni mo kọ́kọ́ ń wá: èwo ló ń ṣí lónìí, abúlé wo ló wà? Lẹ́yìn náà ni màá wá ọ̀nà tó máa já síbẹ̀ ṣáájú ọ̀sán, ká sì ti gbéra láago mẹ́jọ àárọ̀. Ọ̀nà búlúù kúkúrú ni ti ìrọ̀lẹ́. Ọjọ́ Àìkú ni kí ẹ ṣọ́ra fún jù, torí súpámákẹ́ẹ̀tì kékeré máa ń tì lọ́sàn-án. Kí ẹ tún fi àkókò sílẹ̀ fún mọ́tò náà: 80 kìlómítà ní wákàtí kan ni òfin ọ̀pọ̀ ọ̀nà abúlé, kọ́nà sì pọ̀ ju òpópó lọ.

Ní Auvergne, abẹ́ àwọn òkè tí iná abẹ́ ilẹ̀ tú jáde láyé àtijọ́ la ti gùn. UNESCO kọ wọ́n sínú àkójọ ohun ìní àgbáyé ní 2018. Mi ò lè ṣàpèjúwe ilẹ̀ ibẹ̀ ju báyìí lọ: bí ẹni ń gun kẹ̀kẹ́ lórí gààrí Ìjẹ̀bú ni, àfi pé pupa àti dúdú ni. Ẹ má ṣe di búréèkì iwájú mú lójijì níbẹ̀. Táyà mi bẹ́ nítòsí Clermont-Ferrand, ìlú tí Michelin ti bẹ̀rẹ̀ ní 1889, àbúrò mi sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Táyà mi kì í ṣe tiwọn ṣá o.

Ẹ̀rín náà ò pẹ́. Orúnkún ń dùn ún, ló bá háyà kẹ̀kẹ́ oníbátìrì ní ṣọ́ọ̀bù kan tí mi ò ní dárúkọ. Wọ́n ní bátìrì náà á gbé e dé 60 kìlómítà. Ní 34 ó kú fin-ín, àárín òkè gan-an. Irú kẹ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀ wúwo ju ogún kílò lọ! Nígbà tí a tì í padà dé, wọ́n ti lọ jẹun. Ẹni tó ṣílẹ̀kùn nígbẹ̀yìn ní atẹ́gùn ló fà á, kò sì dá sẹ́ńtì kan padà. Kí ẹ tó gbé irú rẹ̀, ẹ wo iná bátìrì fúnra yín, kí òkè tó le jù sì wà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀nà yín.

Aubrac ni oúnjẹ ti dá wa lọ́lá. Aligot ni wọ́n ń pè é: ọ̀dùnkún tí wọ́n gún pọ̀ mọ́ wàràkàṣì tútù àti áyù. Ó funfun bí iyán, ó ń fà bí ewédú, sọ́séèjì la sì fi jẹ ẹ́. Mo wá ọbẹ̀ títí, kò sí. Lọ́jọ́ kejì a bá pátákó kan lẹ́nu ọ̀nà igbó, "Chasse en cours", ìyẹn ni pé ọdẹ wà lẹ́nu iṣẹ́. Oṣù Kẹsàn-án ni ìgbà ọdẹ wọn ń bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀pọ̀ agbègbè. Ọdẹ tiwa ń fara pamọ́, tiwọn wọ ẹ̀wù tó ń tàn bí ọsàn pípọ́n. Ọ̀kan nínú wọn juwọ́ sí wa, a sì yí padà láìjiyàn. Ẹ wọ aṣọ tó tàn bíi tiwọn tí ẹ bá lọ nígbà yẹn.

Mont Lozère ni mo fẹ́ràn jù. Ṣóńṣó rẹ̀, Pic de Finiels, ga tó 1,699 mítà, ó sì wà nínú ọgbà ìjọba Cévennes, nítorí náà ẹ má ya kúrò lójú ọ̀nà. Àwọn òkúta ńláńlá tó jókòó káàkiri níbẹ̀ rán mi létí Ìdànrè. Aago méje ààbọ̀ la gbéra lọ́jọ́ tó kẹ́yìn, ìkùukùu ṣì wà nílẹ̀. Nígbà tí a ń sọ̀ kalẹ̀, àbúrò mi wo aago rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rin.

Aago méjìlá ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá la wọ abúlé. Obìnrin tó ni ilé oúnjẹ ṣì ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ oúnjẹ ọjọ́ náà sára pátákó. A jókòó sóde tì í, a ń wò ó bó ṣe ń kọ ọ́ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan.