Àmì tuntun fún ojú ọrùn gìtá: ìkarahun, ike àbí sítíkà?

Ẹni tó bá ti lo gìtá onígi fún ọdún mélòó kan yóò ti ṣàkíyèsí pé àwọn àmì róbótó tó wà lójú ọrùn rẹ̀, níbi fírẹ́ẹ̀tì (irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú ọrùn gìtá) kẹta, ìkarùn-ún, ìkeje, ìkẹsàn-án àti ìkejìlá, lè ṣí kúrò, wọ́n lè sán, wọ́n sì lè pọ́n bí eyín amutábà. Bí ó bá wá fẹ́ pààrọ̀ wọn, ohun mẹ́ta ni yóò máa bá pàdé jù lọ́jà: ìkarahun gidi, ike tí a ṣe bí ìkarahun, àti sítíkà tí a kàn ń lẹ̀ mọ́ ojú igi. Mo ti lo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ohun tí mo sì rí kọ́ ni pé ìwọ̀n ihò ló yẹ kí olùrà kọ́kọ́ wò, kí dídán àti àwọ̀ tó tẹ̀ lé e. Kò sí èyíkéyìí nínú wọn tó lè yí ohùn gìtá padà, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má san owó gọbọi fún òǹtàjà tó bá sọ pé ìkarahun ń mú kí okùn dún dáadáa ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ìwọ̀n méjì ló wọ́pọ̀ fún àmì róbótó: mìlímítà 6, àti ìdá mẹ́rin íńṣì, èyí tí í ṣe mìlímítà 6.35. Bí a bá kàn fi ojú wò wọ́n, a kò ní í mọ ìyàtọ̀. Mo ra ti mìlímítà 6 nígbà kan fún ihò tó jẹ́ 6.35. Bí mo ti gbé e sínú ihò ló ń sún síhìn-ín sọ́hùn-ún. Lẹ́yìn tí mo fi gọ́ọ̀mù tí mo pò mọ́ lẹ́búlẹ́bú igi dí àyè tóóró tó ṣẹ́ kù, òrùka dúdú kan hàn yí àmì funfun náà ká, títí di òní ni mo sì ń rí i nígbàkígbà tí mo bá gbé gìtá yẹn. Bí ihò bá kéré ju àmì lọ, a lè fi dírílì fẹ̀ ẹ́; bí ihò bá ti tóbi jù, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Kí olùrà wá kálípà, irinṣẹ́ tí a fi ń wọn nǹkan kéékèèké, kí ó wọn àmì tó wà níbẹ̀ kí ó tó náwó. Kí ó sì kà wọ́n pẹ̀lú: gìtá tó ní àmì láti fírẹ́ẹ̀tì kẹta dé ìkẹtàdínlógún, tó sì ní méjì níbi ìkejìlá, yóò gba mẹ́jọ, ṣùgbọ́n mẹ́wàá ni kí ó rà, nítorí ọ̀kan kì í ṣàì bọ́ sọnù sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Àwọn kéékèèké tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọrùn, tí olórin fi ń mọ ibi tó wà láìtẹ orí wò, sábà máa ń jẹ́ mìlímítà 2, ike sì ti tó fún wọn.

Ìkarahun gidi ló lẹ́wà jù, n kò sì ní fi èyí pa mọ́. Oríṣi funfun ń wá láti inú ìkarahun ńlá tí péálì ń hù nínú rẹ̀. Oríṣi kejì, àbálónì, ní àwọ̀ ewé, àwọ̀ ojú ọ̀run àti elésè àlùkò tó lọ́ mọ́ra wọn. Gìtá D-45 àkọ́kọ́ ti ilé iṣẹ́ Martin, tí wọ́n ṣe fún olórin Gene Autry ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1933, ní orúkọ Autry lójú ọrùn tí wọ́n fi ìkarahun péálì kọ. Bí a bá yí ìkarahun gidi síwá sẹ́yìn lábẹ́ iná, ìmọ́lẹ̀ inú rẹ̀ á máa rìn, ibi tó mọ́lẹ̀ á ṣú, ibi tó ṣú á mọ́lẹ̀. Bí a bá fi kan ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó máa ń tutù. Ti ike kò rí bẹ́ẹ̀: ó máa ń dán lójú kan náà, bí a bá sì tò ó jọ, ó lè jẹ́ pé bátànì kan náà ni a óò rí lára méjì tàbí mẹ́ta. Òǹtàjà kan ta àpò kan fún mi rí pé ìkarahun ni; mo mú ọ̀kan jáde síta, mo fi abẹ́rẹ́ tí mo ti yán nínú iná kan ẹ̀yìn rẹ̀, abẹ́rẹ́ náà wọlé ṣinṣin, òórùn ike tó ń jó sì gba imú mi. Ìkarahun kì í yọ́.

Àléébù ìkarahun ni pé ó máa ń ṣẹ́ bí a bá tẹ̀ ẹ́, ó wọ́n ju ike lọ dáadáa, eruku rẹ̀ sì léwu fún ẹ̀dọ̀fóró. Ẹni tó bá fẹ́ fi pépà ìyọgi ha á gbọ́dọ̀ wọ ìbomú, kí ó sì máa fi omi rin pépà náà.

Ibì kan wà tí ike ti borí ìkarahun pátápátá, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ olùrà ti ń ṣì í: àmì onígun mẹ́rin tó fẹ̀. Ojú ọrùn gìtá olókùn irin kì í tẹ́ pẹrẹsẹ. Ó ga díẹ̀ ní àárín, ó sì rẹlẹ̀ létí méjèèjì. Àmì róbótó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ìtẹ̀ yìí kò fi kàn án. Ṣùgbọ́n bí àmì bá fẹ̀ tó mìlímítà 40, lórí ọrùn tí ìtẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ti òbìrí tí ìdajì ìdábùú rẹ̀ jẹ́ íńṣì 16, bí ọ̀pọ̀ Martin ṣe rí, àárín rẹ̀ gbọ́dọ̀ fi bí ìdajì mìlímítà ga ju etí rẹ̀ lọ. Lórí èyí tó jẹ́ íńṣì 12, ó lé díẹ̀ ní mìlímítà 0.6. Ìkarahun tí wọ́n ń tà sábà máa ń nípọn tó mìlímítà 1.3 sí 1.5, nítorí náà bí a bá ha á kí ó bá ìtẹ̀ ọrùn mu, etí rẹ̀ lè fẹ́rẹ̀ẹ́ dín sí ìdajì. Ike tó nípọn ní mìlímítà 2, tàbí èyí tí wọ́n ti tẹ̀ láti ilé iṣẹ́, kò ní fún wa ní irú wàhálà yìí, owó rẹ̀ kò sì ga.

Egungun màlúù àti igi funfun náà wà, wọ́n sì dára lójú ẹni tí kò fẹ́ ohun tó ń kọ mànà, ṣùgbọ́n òógùn ọwọ́ máa ń sọ wọ́n di pípọ́n. Eyín erin àti ìkarahun ìjàpá òkun kò tọ́ sí ẹnikẹ́ni láti rà, nítorí òfin àgbáyé dè wọ́n.

Sítíkà tọ́ sí ẹni tó ń kọ́ gìtá, ẹni tó yá gìtá lò, àti ẹni tí kò ní irinṣẹ́ kankan. Láàárín wákàtí kan ó ti parí, a sì lè ṣí i láìba igi jẹ́. Ṣùgbọ́n lábẹ́ okùn irin àti òógùn, etí rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ká sókè, pàápàá níbi fírẹ́ẹ̀tì kẹta àti ìkarùn-ún tí ìka ń tẹ̀ jù.

Kí olùrà fi owó irinṣẹ́ kún owó ọjà, tàbí kí ó kọ́kọ́ bi ẹni tó mọ gìtá tún ṣe léèrè iye tí yóò gbà. Yíyọ ti àtijọ́ ni iṣẹ́ gan-an. Ike máa ń rọ̀ bí a bá fi irin tí àwọn atún-rédíò-ṣe fi ń jó òjé kan àárín rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, a ó sì fi ṣóńṣó abẹ fà á jáde bí ẹni ń yọ ìgbín. Ṣùgbọ́n bí gìtá bá ti pẹ́ gan-an, ike náà lè jẹ́ sẹ́lúlọ́ìdì, èyí tó máa ń gbiná kíákíá, kí a má sì lo irin gbígbóná fún un rárá. Dírílì kékeré tí a fi lu àárín rẹ̀ ló yẹ é, òun náà ló sì yẹ ìkarahun. Súpà gílù máa ń gbẹ kíákíá, ṣùgbọ́n ó máa ń ṣàn wọ inú ojú igi, ó sì ń fi àbàwọ́n sílẹ̀ lára igi tó mọ́lẹ̀. Gọ́ọ̀mù oríṣi méjì tí a ń pò pọ̀ ni mo fẹ́ràn jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó gbọ́dọ̀ sùn mọ́jú.

Bí gìtá náà bá jẹ́ ti àtijọ́ tó níye lórí, kí olùwa rẹ̀ ra ẹyọ kan péré fún èyí tó sọnù, kí ó fi àwọn tó kù sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà. Èyí tó bá sì ṣí kúrò fúnra rẹ̀, kí ó dì í sínú ìwé, kí ó sì fi í pamọ́ sínú àpótí gìtá náà.