Overdrive tí mo fi sínú van àtijọ́ mi, owó ẹ̀ ò ṣòfò rárá

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní van àtijọ́, ẹ gbọ́ o. Transit mi yìí, irú èyí tí Ford bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní 1965, jíà mẹ́rin péré ló ní, tó bá ti di eré lójú ọ̀nà márosẹ̀ ariwo ẹ́ńjìnnì ò ní jẹ́ kéèyàn gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnì kejì. Ni mo bá ní kí wọ́n yọ gíábọ́ọ̀sì ẹ̀, kí wọ́n fi èyí tó ní overdrive sí i, ìyẹn jíà àfikún tí kì í jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì yí púpọ̀ tí ọkọ̀ bá ń sáré; irú tèmi ni wọ́n ń pè ní Laycock J-type. Inú mi dùn gan-an! Níbi tí ẹ́ńjìnnì ti ń yí nǹkan bí 3,500 láàárín ìṣẹ́jú kan tẹ́lẹ̀, nǹkan bí 2,800 ni báyìí, eré kan náà o. Switch kékeré kan lẹ máa tẹ̀, iná á mú solenoid (mágínẹ́ẹ̀tì oníná kan), agbára ọ́ìlì á ti kọ̀nù inú ẹ̀, ó wọlé nìyẹn.

Iṣẹ́ wà níbẹ̀ ṣá. Gíábọ́ọ̀sì tuntun yìí gùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, torí náà wọ́n gé propshaft (ọ̀pá tó ń gbé agbára láti gíábọ́ọ̀sì lọ sẹ́yìn ọkọ̀) kúrú, wọ́n sún ibi tí gíábọ́ọ̀sì jókòó lé sẹ́yìn, wọ́n sì tún speedometer ṣe kó má baà máa parọ́. Waya tí ò ní jẹ́ kó wọlé àfi ní jíà 3 àti 4, ẹ má jẹ́ kí mẹkáníìkì fojú fò ó o, torí tẹ́ ẹ bá lọ ki rífáàsì tí overdrive ṣì wà lórí, ó lè bà á jẹ́ pátápátá. Tẹ́ ẹ bá sì di ẹrù gun òkè, ẹ pa overdrive náà.