Ẹ lọ wo Stormont, ilé tí wọn ò kọ́ fún Michelle O'Neill

Ìràwọ̀ márùn-ún ni mo fún un o, ẹ jẹ́ n ti kọ́kọ́ sọ ìyẹn. Àwa tá a wà ní Belfast, tí àlejò bá ti dé báyìí, ó di ilé ìrántí ọkọ̀ Titanic, ibẹ̀ dáa lóòótọ́ àmọ́ owó ni, Stormont tó wà lókè lọ́hùn-ún, ilé aṣòfin Northern Ireland níbi tí Michelle O'Neill ti jẹ́ First Minister, ìyẹn olórí ìjọba, ọ̀fẹ́ ni, wọ́n á yẹ báàgì yín wò lẹ́nu ọ̀nà, gáídì á mú yín káàkiri, kò sẹ́ni tó máa gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín.

Bí mo ṣe débẹ̀ ni pé màmá mi wá kí wa láti Ìbàdàn, mo sì ti kọ́kọ́ sanwó fáwọn aládàáni kan pé kí wọ́n mú wa yí ìlú ká, mi ò ní dárúkọ wọn, wákàtí méjì gbáko nínú òjò, àwòrán ara ògiri, ìbọn, bọ́ǹbù, ẹni tó kú, ẹni tó pa á, bẹ́ẹ̀ náà ni títí a fi dé ilé. Màmá wá bi ọkùnrin tó ń mú wa kiri pé ta ló wá ń ṣèjọba lé wọn lórí báyìí, ó ní ọ̀rọ̀ òṣèlú nìyẹn, ká máa lọ. Ó dùn mí gan-an, torí ibi tí ìtàn ìlú yìí ti dùn jù ló fò yẹn.

Ẹ wo ilé yẹn fúnra ẹ̀ ná. Láti géètì, ọ̀nà tó tó máìlì kan ló gba àárín koríko lọ tààrà sókè, ilé òkúta funfun gbàràmù-gbaramu ló wà lókè yẹn, òpó mẹ́fà níwájú ẹ̀ fún àwọn agbègbè mẹ́fà tí wọ́n gé kúrò lára Ireland lọ́dún 1921 tó di Northern Ireland, gígùn ẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 365, iye ọjọ́ tó wà nínú ọdún. 1932 ni wọ́n ṣí i. Lójú ọ̀nà, ère Edward Carson nawọ́ sókè, òun ló kó àwọn Pùrótẹ́sítáǹtì jọ pé àwọn ò ní sí lábẹ́ ìjọba Dublin, Britain làwọn á bá ṣe. Ẹ wọlé tán, ère Craigavon ló wà lórí àtẹ̀gùn, òun ni olórí ìjọba wọn àkọ́kọ́. Ẹgbẹ́ òṣèlú àwọn Pùrótẹ́sítáǹtì yẹn nìkan ṣoṣo ló jókòó sórí àlééfà láti 1921 títí dé 1972, àwọn Kátólíìkì tó fẹ́ kí Ireland di ọ̀kan ń wò wọ́n láti ìta ni. Gáídì tún sọ pé nígbà ogun Hitler, ìgbẹ́ màlúù àti ọ̀dà ni wọ́n fi kun òkúta funfun yẹn kí ọkọ̀ òfuurufú àwọn Jámánì má bàa rí i látòkè, ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n sì fi fọ̀ ọ́ kúrò. Màmá rẹ́rìn-ín títí.

Nígbà tá a wá dé inú ìyẹ̀wù tí wọ́n ti ń jókòó, a wà lókè níbi táwọn ará ìlú ń jókòó sí, mo fi ọwọ́ hàn án: Màmá, ẹ wo obìnrin yẹn, ó ti ń dìde láti dáhùn ìbéèrè, òun ni First Minister. Màmá ní, "Obìnrin? Nínú àwọn tí wọn ò fẹ́ kó wọlé síbí yẹn náà?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni mà.

Fermoy ní Cork ni wọ́n bí Michelle O'Neill sí lọ́dún 1977 àmọ́ Clonoe ní Tyrone ló dàgbà sí, bàbá ẹ̀ ṣẹ̀wọ̀n nítorí IRA, àwọn tó gbé ìbọn kí Ireland lè di ọ̀kan, kó tó wá di kánsẹ́lọ̀. Òun fúnra ẹ̀ ti sọ ọ́ ní gbangba pé òun bímọ lọ́mọ ọdún 16 nígbà tóun ṣì wà nílé ìwé, ẹ sì mọ ojú tí wọ́n fi ń wo irú ọmọ bẹ́ẹ̀ láàárín àwọn Kátólíìkì nígbà yẹn. Ó parí ìwé ẹ̀. 2005 ó di kánsẹ́lọ̀ ní Dungannon, 2007 ó wọ Stormont, 2010 ó di obìnrin àkọ́kọ́ tó máa ṣe méyọ̀ Dungannon àti South Tyrone, 2011 ó di mínísítà ètò ọ̀gbìn, 2016 ètò ìlera. Òun ló yọ òfin tó ní ọkùnrin tó bá ti bá ọkùnrin lò pọ̀ rí ò lè fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ láé, ó sì gbé ètò ọdún mẹ́wàá kalẹ̀ fáwọn ọsibítù.

Kí ètò yẹn tó rìn, ìjọba wó ní oṣù kìíní 2017. Ọdún mẹ́ta gbáko! Nọ́ọ̀sì ni mí, mi ò tíì pẹ́ ní Belfast nígbà táwa nọ́ọ̀sì dúró síta nínú òtútù ní December 18, 2019, torí owó oṣù wa ti rẹlẹ̀ sí tàwọn England tí kò sì sí mínísítà kankan tá a lè bá sọ̀rọ̀. Nígbà tí ìjọba padà ní January 2020 tí O'Neill di igbákejì First Minister, mo gbà pé ó yé e.

Ìdí nìyẹn tí June 2020 fi dùn mí. Ìgbà Covid ni, tí wọ́n ní kí èrò má pọ̀ níbi ìsìnkú. Ìsìnkú Bobby Storey, àgbà IRA, èrò rẹpẹtẹ ní ìwọ̀ oòrùn Belfast, òun náà sì wà níbẹ̀, nígbà tí èmi ń di fóònù mú sétí bàbá arúgbó kan kí ìyàwó ẹ̀ lè dágbére fún un láti ilé. Ó kọ́kọ́ sọ pé òun ò ní tọrọ àforíjì láé pé òun lọ sìnkú ọ̀rẹ́ òun. Ó di May 2024 kó tó sọ níwájú ìgbìmọ̀ tó ń wádìí Covid pé òun kábàámọ̀ pé òun lọ. Mo gbà á lọ́wọ́ ẹ̀, àmọ́ ó pẹ́. Àwọn tí IRA pa èèyàn wọn náà ò gbàgbé pé ó sọ lọ́dún 2022 pé kò sí ọ̀nà míì nígbà yẹn ju ogun lọ, mi ò sì rò pé ó yẹ kí wọ́n gbàgbé.

Ọdún 2022 yẹn náà lẹgbẹ́ ẹ̀, Sinn Féin, rí ìjókòó 27 gbà nínú 90, DUP, ẹgbẹ́ tó fẹ́ dúró ti Britain, rí 25, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹgbẹ́ tó fẹ́ kí Ireland di ọ̀kan máa ṣíwájú níbẹ̀. DUP kọ̀ láti wọ ìjọba nítorí òfin ẹrù tó ń ti Britain bọ̀ lẹ́yìn Brexit, ìyẹn bí Britain ṣe kúrò nínú àjọ Yúróòpù, ó di February 3, 2024 kí O'Neill tó gun orí àga First Minister, Emma Little-Pengelly ti DUP sì di igbákejì ẹ̀. Igbákejì lórúkọ ni o, agbára wọn dọ́gba, tí ọ̀kan bá kọ̀wé fipò sílẹ̀ èkejì náà ti lọ nìyẹn. Nígbà tí mo ṣàlàyé èyí fún Màmá, wọ́n mi orí, wọ́n ní, "Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ akèrègbè." O'Neill yìí kan náà ló lọ síbi ìwúyè Ọba Charles ní 2023, tó tún gbé òdòdó lọ síbi ìrántí àwọn sójà ní Belfast ní November 2024, àwọn kan nínú ẹgbẹ́ ẹ̀ bínú, èmi ò bínú rárá.

August 2024 ni mo mọ̀ pé ilé yẹn kàn mí. Wọ́n ń sun ṣọ́ọ̀bù àwọn àjèjì níná ní Belfast, ẹ̀rù ń bà wá láti jáde lọ síṣẹ́ alẹ́, wọ́n sì pe gbogbo àwọn aṣòfin padà sí Stormont láti ibi ìsinmi ní August 8, obìnrin méjèèjì yẹn, tí wọn ò fẹ́ orílẹ̀-èdè kan náà, bẹnu àtẹ́ lu ìwà náà. Mo sunkún nídìí fóònù mi lọ́jọ́ náà.

Ẹ lọ ní Monday tàbí Tuesday tẹ́ ẹ bá fẹ́ rí wọn níbi tí wọ́n ti ń jókòó. Bọ́ọ̀sì Glider G1 ló ń lọ síbẹ̀, ẹ sọ̀kalẹ̀ ní Stormont, ẹ wọ bàtà pẹlẹbẹ torí òkè yẹn gùn, ẹ̀ẹ̀mejì ni Màmá jókòó sinmi ká tó dé ọ̀dọ̀ Carson.