Fairlearn mọ ojúsàájú hú jáde, ṣùgbọ́n ẹ fura sí àtúnṣe rẹ̀

Iléeṣẹ́ tí ó bá ń fi ọgbọ́n àtọwọ́dá pinnu ẹni tí yóò rí owó yá tàbí ẹni tí wọn yóò pè fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò iṣẹ́ sábà máa ń fi nọ́ńbà kan ṣoṣo yangàn, èyíinì ni iye ìgbà tí ìpinnu ètò náà tọ́ nínú ọgọ́rùn-ún. Nọ́ńbà yìí kì í parọ́, ṣùgbọ́n ó máa ń bo nǹkan mọ́lẹ̀. Ètò tí ìpinnu rẹ̀ tọ́ ní ìgbà 90 nínú 100 lè máa dá àwọn tí wọ́n pọ̀ nínú dátà lẹ́jọ́ bó ṣe yẹ, kí ó sì jẹ́ pé orí àwọn tí wọn kò tó nǹkan ni ọ̀pọ̀ àṣìṣe rẹ̀ ń já lé. Fairlearn, irinṣẹ́ ọ̀fẹ́ tí a ń fi èdè kọ̀ǹpútà Python lò, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Microsoft ní ọdún 2018, tí àwùjọ àwọn tó ń lò ó sì ń darí lónìí, wà láti tú ohun tí nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ bò.

Apá tí mo gbóríyìn fún jù lọ ni èyí tí wọ́n pè ní MetricFrame. A ó fún un ní ìdáhùn tí ó tọ́, ìdáhùn tí módẹ́ẹ̀lì (ètò tí ń ṣe ìpinnu náà) mú wá, àti òpó dátà tí ó sọ ẹgbẹ́ tí ẹnì kọ̀ọ̀kan wà, ìbáà ṣe akọ tàbí abo, ìbáà ṣe ọjọ́ orí tàbí ẹ̀yà. Yóò sì pín ìwọ̀n tí a bá béèrè sí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, yóò fi àlàfo tí ó tóbi jù láàárín wọn hàn wá. Ó tún lè so òpó méjì pọ̀, ibẹ̀ gan-an ni iyì rẹ̀ wà. Nígbà tí àwọn olùwádìí méjì, Joy Buolamwini àti Timnit Gebru, yẹ àwọn ètò tí ń wo ojú ènìyàn láti mọ akọ yàtọ̀ sí abo wò ní 2018, àṣìṣe lórí ọkùnrin aláwọ̀ funfun kò ju ìdá 0.8 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, ṣùgbọ́n ti obìnrin aláwọ̀ dúdú gòkè dé 34.7. Ẹni tí ó bá wo akọ àti abo nìkan, tàbí àwọ̀ ara nìkan, kò ní rí bí ọ̀rọ̀ náà ṣe burú tó. Kí a má gbàgbé, ṣá, pé bí a bá ṣe ń pín ẹgbẹ́ sí wẹ́wẹ́ ni iye ènìyàn inú rẹ̀ ń dín kù, àlàfo tí a sì rí láàárín ènìyàn díẹ̀ lè jẹ́ èèṣì lásán.

Èwo nínú òdodo ni a fẹ́ wọ̀n? Fairlearn kò dáhùn ìyẹn fún wa, ó sì gbọ́n bí kò ṣe dáhùn. Ẹ wo COMPAS, ètò tí àwọn ilé ẹjọ́ kan ní Amẹ́ríkà fi ń ṣírò bóyá ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn yóò tún dẹ́ṣẹ̀. Ní 2016, iléeṣẹ́ ìròyìn ProPublica kọ ọ́ jáde pé nínú àwọn tí kò padà dẹ́ṣẹ̀, ètò náà ti ka ìdá 44.9 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn aláwọ̀ dúdú sí eléwu, ti aláwọ̀ funfun sì jẹ́ 23.5. Iléeṣẹ́ tí ó ṣe é fèsì pé máàkì kan náà túmọ̀ sí ewu kan náà fún dúdú àti funfun. Àwọn onímọ̀ wá fi ìṣirò hàn pé bí ìwọ̀n àwọn tí ń padà dẹ́ṣẹ̀ bá yàtọ̀ láàárín ẹgbẹ́ méjì, òdodo méjèèjì yìí kò lè ṣẹ pọ̀, àfi bí ètò náà kò bá ṣe àṣìṣe rárá. Nítorí náà, ẹni tí ó yan ìwọ̀n kan nínú Fairlearn ti yan ẹni tí yóò ru ẹrù àṣìṣe, ó sì yẹ kí ó lè sọ ìdí rẹ̀ lójú ẹni náà.

Fairlearn tún ní àwọn ohun èlò tí ń ṣe àtúnṣe ojúsàájú tí a bá rí, ibẹ̀ ni ọkàn mi kò ti balẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn, ThresholdOptimizer, a máa gbé ààlà ìpinnu ọ̀tọ̀ (máàkì tí ènìyàn gbọ́dọ̀ dé) kalẹ̀ fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ni pé ó gbọ́dọ̀ mọ ẹgbẹ́ tí ènìyàn wà nígbà tí ó bá ń dá a lẹ́jọ́. Nínú ọ̀rọ̀ owó yíyá, èyí lè kó ayánilówó sí wàhálà níbi tí òfin ti kọ̀ kí a fi akọ tàbí abo ṣe ìyàtọ̀. Èkejì, ExponentiatedGradient, kò béèrè ẹgbẹ́ nígbà ìdájọ́, ṣùgbọ́n àpapọ̀ módẹ́ẹ̀lì púpọ̀ ni, èèṣì ni ó sì fi ń yan èyí tí yóò sọ̀rọ̀. Ènìyàn méjì tí dátà wọn bára mu látòkèdélẹ̀ lè gba ìdáhùn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹnì kan ṣoṣo pàápàá lè gba "bẹ́ẹ̀ ni" lónìí, kí ó gba "bẹ́ẹ̀ kọ́" lọ́la. Àròpọ̀ ẹgbẹ́ lè dọ́gba lórí ìwé, ṣùgbọ́n n kò mọ àlàyé tí a ó ṣe fún ẹni tí wọ́n dá padà.

Ìwé ìtọ́nisọ́nà Fairlearn ṣe kedere ju ti ọ̀pọ̀ irinṣẹ́ lọ, kò sì ní ṣòro láti bẹ̀rẹ̀ fún ẹni tí ó bá ti mọ scikit-learn, irinṣẹ́ Python tí a fi ń kọ́ módẹ́ẹ̀lì. AI Fairness 360, irinṣẹ́ IBM tí ó jọ ọ́, ní ìwọ̀n tí ó lé ní 70, ṣùgbọ́n fún iṣẹ́ ojoojúmọ́, mo fara mọ́ Fairlearn tí kò dà mí lọ́kàn rú. Fairlearn kò wúlò fún ètò tí ń bá ènìyàn fọ̀rọ̀ jomi toro ọ̀rọ̀. Dátà inú tébù, èyí tí a tò sí ìlà àti òpó, ni tirẹ̀. Èmi yóò máa lo MetricFrame lórí gbogbo módẹ́ẹ̀lì kí ó tó jáde. Ní ti àtúnṣe, ó yá mi lára kí a kọ́kọ́ lọ wádìí bí dátà náà ṣe kó jọ àti ẹni tí wọ́n yọ sílẹ̀ nínú rẹ̀, kí a tó fọwọ́ kan ThresholdOptimizer.