Kóbọ́ọ̀tì àti Róbọ́ọ̀tì Inú Ọgbà Irin: Èwo Ló Yẹ Oníṣẹ́ Táńkì àti Kóńténà Irin?

Ẹnikẹ́ni tó bá ń fi pléètì irin ṣe kóńténà ìdọ̀tí tàbí táńkì epo mọ̀ pé ìjórin (wẹ́díǹgì) ló ń gba àkókò jù: egungun irin tí a ń jó mọ́ ẹ̀gbẹ́ kóńténà lẹ́yọ lẹ́yọ, àwọn igun, ìdí, àti ibi ìkọ́ tí ọkọ̀ fi ń gbé e. Oríṣi apá róbọ́ọ̀tì méjì ni àwọn ontàjà ń gbé síwájú àwọn oníléeṣẹ́ báyìí. Àkọ́kọ́ ni kóbọ́ọ̀tì, tí a ṣe kí ó lè bá ènìyàn ṣiṣẹ́ lójú kan náà. Èkejì ni róbọ́ọ̀tì tó ti wà tipẹ́, tí a máa ń sé mọ́ inú ọgbà irin. Kí ọ̀rọ̀ má baà fò lójú afẹ́fẹ́, màá mú ẹ̀rọ kan nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan: UR10e ti Universal Robots ní Denmark, àti ARC Mate 100iD ti FANUC ní Japan.

Ibi tí ìyàtọ̀ wọn ti hàn jù ni bí a ṣe ń kọ́ wọn níṣẹ́. Wẹ́dà yóò di apá kóbọ́ọ̀tì mú, yóò fà á bí ẹni fa ọmọ lọ́wọ́, títí ẹnu tọ́ọ̀ṣì (ọ̀pá tí iná ìjórin ń gbà jáde) yóò fi dé ibi tí ìjórin ti máa bẹ̀rẹ̀, yóò sì tẹ bọ́tìnì. Yóò tún fà á dé ibi tó máa parí sí, yóò tún tẹ̀ ẹ́. Bí òun fúnra rẹ̀ ṣe máa ń dẹ tọ́ọ̀ṣì sí igun irin náà ni yóò ṣe dẹ ti ẹ̀rọ, nítorí náà ìmọ̀ tó ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ kò ṣòfò. Róbọ́ọ̀tì inú ọgbà sábà máa ń béèrè ẹni tó kọ́ nípa kíkọ àṣẹ fún ẹ̀rọ. Bí o bá ń ṣe kóńténà kan náà láti oṣù Ṣẹẹrẹ dé Ọ̀pẹ, ìyẹn kò ní ni ọ́ lára, nítorí ẹ̀ẹ̀kan péré ni. Ṣùgbọ́n bí ìwọ̀n iṣẹ́ rẹ bá ń yí padà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kóbọ́ọ̀tì ni mo fara mọ́.

Ní ti bí apá ṣe gùn tó, má ṣe rò pé èyí tó wà nínú ọgbà fi bẹ́ẹ̀ ju ìkejì lọ. UR10e ń nà dé mítà 1.3, ARC Mate 100iD ń nà dé 1.44, kò sì sí èyí tó lè dúró lójú kan kí ó jó kóńténà ẹlẹ́sẹ̀ bàtà 22 tán. O ní láti ra ojú irin tí apá yóò máa rìn lórí rẹ̀. Àǹfààní kóbọ́ọ̀tì níbí ni pé kílò 33.5 ni apá UR10e wúwo, ènìyàn méjì lè gbé e, a sì lè fi ìdí onímágínẹ́ẹ̀tì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara kóńténà fúnra rẹ̀.

Ní ti eré sísá, ìdí apá ARC Mate ń yí ní dígírì 260 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ti UR10e ń yí ní 120. Síbẹ̀, nígbà tí iná bá ti ń jó, ìjórin orí irin tó nípọn kì í sábà kọjá sẹ̀ǹtímítà 30 sí 50 ní ìṣẹ́jú kan, ọwọ́ ẹ̀rọ yòówù kí ó yá tó. Ìgbà tí apá bá ń kúrò níbi kan lọ síbòmíràn ni ìyàtọ̀ ń wọlé, ó sì máa ń pọ̀ fún ẹni tó ń jó ojú kéékèèké púpọ̀.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fetí sí ọ̀rọ̀ ààbò dáadáa. Òótọ́ ni pé kóbọ́ọ̀tì máa ń dúró bí ó bá fara kan ènìyàn, ìlànà àgbáyé ISO/TS 15066 ti 2016 ló sì kọ́kọ́ sọ bí ipá ìfarakanra náà ṣe gbọdọ̀ mọ. Ṣùgbọ́n ìlànà yẹn kò pa iná ojú tọ́ọ̀ṣì, kò sì dá irin gbígbóná tó ń ta síta dúró. Aṣọ ìkélé tó ń dí iná ìjórin ṣì pọn dandan, ẹ̀rọ tó ń fa èéfín náà sì pọn dandan fún méjèèjì, nítorí IARC, àjọ ìwádìí àrùn jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé, ti pinnu ní 2017 pé èéfín ìjórin ń fa jẹjẹrẹ fún ènìyàn. Ontàjà tó bá sọ fún ọ pé kóbọ́ọ̀tì kò nílò ààbò kankan, má ṣe bá a dòwò pọ̀.

Ní ti iná mànàmáná, UR10e ń lo iná ilé lásán. Ẹ̀rọ ìjórin tí a so mọ́ ọn ló ṣì lè béèrè iná oníwáyà mẹ́ta (three-phase).

Bí o bá ṣì ń fi gáàsì àti ọwọ́ gé pléètì, má tíì ra èyíkéyìí nínú méjèèjì. Wẹ́dà rí àlàfo tí irú gígé bẹ́ẹ̀ ń fi sílẹ̀, ó sì mọ bí yóò ṣe dí i. Apá róbọ́ọ̀tì á gba ibi tí a kọ́ ọ lọ, á sì jó ihò sí i. Tábìlì tó ń gé irin ní ìwọ̀n kan náà ni kí o kọ́kọ́ náwó lé. Lẹ́yìn náà, kó irin tìrẹ lọ sọ́dọ̀ ontàjà, kí èyí tí gígé rẹ̀ burú jù wà nínú rẹ̀, jẹ́ kí ó jó o lójú rẹ, kí o sì ní kí wọ́n fi ayùn gé ojú ìjórin náà sí méjì, kí o lè rí bí ó ṣe wọlé tó kí o tó sanwó.