Ìkìlọ̀ fún Ẹ̀yin tí Ẹ Fẹ́ Ra Òdòdó Gloriosa ní Èkó

Ẹ̀yin olólùfẹ́ òdòdó, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣọ́ra fún oníṣòwò kan tó ń ta irúgbìn fún àwa ará Sùúrùlérè àti Yábàá lórí WhatsApp. Àwòrán tó ń gbé kiri jẹ́ ti Gloriosa superba, òdòdó ìgbẹ́ ilẹ̀ Áfíríkà tó pupa yòò, tí etí rẹ̀ sì pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ó sì ń ṣèlérí pé yóò máa tanná jálẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn láìbomi rin. Mo san ₦9,000 fún ọ̀rá mẹ́ta.

Jogbo ló hù. Jogbo tó kún ẹ̀bá ọ̀nà káàkiri, tí kì í tilẹ̀ ṣe ewéko ilẹ̀ wa, nítorí láti ìhà Mẹ́síkò ni wọ́n ti mú un wá. Àwọn àgbẹ̀ ń fi ewé rẹ̀ sanra ilẹ̀, n kò bá a jà. Owó mi ló dùn mí.

Ká ní mo ti fara balẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ ẹ̀ẹ̀rùn yẹn ì bá ti tú u fó. Lóòótọ́ ni Gloriosa ń fara da ọ̀gbẹlẹ̀, ṣùgbọ́n oorun ló ń sùn dè é: bí òjò bá ti lọ, ìtàkùn àti ewé rẹ̀ á gbẹ dànù, iṣu rẹ̀ nìkan ni yóò kù lábẹ́ ilẹ̀ títí òjò àkọ́rọ̀ yóò fi rọ̀. Nítorí náà, iṣu yìí ni kí ẹ béèrè, èyí tó sábà máa ń pín sí méjì bí ẹsẹ̀ ṣòkòtò, kí ẹ sì yẹ̀ ẹ́ wò pé ṣóńṣó rẹ̀ kò ṣẹ́, nítorí ibẹ̀ ló ti ń hù. Bó bá jẹ́ irúgbìn ni wọ́n gbé wá, ti Gloriosa rí róbótó, ó sì pupa. Ti jogbo tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì dúdú. Ṣóńṣó ewé Gloriosa tún máa ń lọ́ bí ìrù ọ̀gà, òun ló fi ń di nǹkan mú gòkè.

Èyí tó bà mí lẹ́rù jù ni pé ọkùnrin náà ní kí a máa fi ewé rẹ̀ se àgbo ibà. Májèlé ni Gloriosa láti iṣu dé irúgbìn, ó sì ti pa àwọn tó ṣèèṣì jẹ ẹ́. Ẹni tó bá ní ojúlówó rẹ̀ lẹ́yìnkùlé, tó sì gba ìmọ̀ràn yìí gbọ́, ńkọ́?

Kò gbé ìpè mi mọ́. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, aládùúgbò mi kan fi ọ̀rá aláwọ̀ búlúù kan náà hàn mí, ṣùgbọ́n àwòrán òdòdó mìíràn ló wà lára rẹ̀ báyìí.